Onílé àti Onílẹ̀: Ìdí Tí Bàbá Alámì Fi Sùn sí Òkè-Àfà

Láti ọjọ́ tí a ti sin Bàbá, bàbá tó bí bàbá mi, ni àwọn èèyàn ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà. Wọ́n á kọ́kọ́ kí mi kú ará fẹ́ra kù, wọ́n á ní ikú àgbà ni, kí n má sunkún jù, wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ fi sin wọ́n sí Òkè-Àfà?"

Ìbéèrè náà kò burú. Bàbá kì í ṣe ọmọ Òkè-Àfà. Abẹ́òkúta ni bàbá tó bí wọn ti wá. Ilé kan ni Bàbá kọ́ sí Ìsọlọ̀, ilé kékeré tí ògiri rẹ̀ kan ògiri aládùúgbò lọ́tùn-ún lósì, tí kò sí àyè láti gbin efinrin sí ẹ̀yìnkùlé, ká má tíì sọ pé a óò gbẹ́ sàréè síbẹ̀. Ilẹ̀ tí ilé náà dúró lé kì í tilẹ̀ ṣe tiwọn. Ọdọọdún ni Bàbá máa ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún ìdílé tó ni ín. Síbẹ̀ wọ́n ń sùn lónìí lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, láàrin oko ẹlòmíràn.

Mo ti gbìyànjú láti fi gbólóhùn kan dáhùn, kò ṣeé ṣe. Mo ti kọ ọ́, mo ti ya á. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni, ẹ̀rù àṣìṣe sì máa ń bà mí ju ẹ̀rù òkùnkùn lọ. Ẹ bá mi fara dà á bí mo bá ṣàlàyé ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tí mò ń kọ̀wé nípa wọn kò fẹ́ kí èèyàn fi ohunkóhun sílẹ̀ pé á yé wọn. Èyí gan-an ni ìtàn náà.

Onímọ̀ èdè ni Bàbá. Iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí àwọn òyìnbó kan tó ń ṣèwádìí èdè tó mú wọn lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù láti lọ kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi etí gbá ohùn mú, tí á sì fi àmì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí Bàbá padà dé, tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ nínú rélùwéè ní Òṣòdì, Màmá, ìyá bàbá mi, lọ pàdé wọn. Màmá wo àpótí ìwé tó wúwo náà, wọ́n ní kí ni ọkọ àwọn rí kọ́ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Bàbá ní: "Ìyá Délé, mo lọ kọ́ ohun tí ẹnu rẹ ti mọ̀."

Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa Bàbá kì í ṣe ìwé, súfèé ni. Bàbá gbà pé orin ni Yorùbá, ohùn mẹ́ta ló sì ní: dò fún ìsàlẹ̀, re fún àárín, mí fún òkè. Ẹni tó bá ti mọ ohùn lè fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kó máa súfèé, á sì yé ẹni tó ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ṣe ń pè wá nínú ilé. Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ mi, dò dò mí. Bí mo bá ti gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé, mo ti mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kí n wá mú gíláàsì ojú wọn tí wọ́n ti gbàgbé sórí wọn.

Wàhálà wà nínú ètò yìí o. Bàbá mi ń jẹ́ Délé, àbúrò wọn obìnrin ń jẹ́ Bọ́lá. Mí mí, mí mí. Bí Bàbá bá pe ọ̀kan, àwọn méjèèjì ni yóò sáré dé.

"Bàbá, ta lẹ pè nínú wa?" Àǹtí Bọ́lá á bi wọ́n, ojú á ti le, nítorí ata ṣì wà lórí ọlọ.

"Ẹni tó kọ́kọ́ dé."

"Àwa méjèèjì la jọ dé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé wúwo."

Bí oòrùn bá ti wọ̀, Màmá kì í fẹ́ gbọ́ súfèé mọ́. "Bàbá Délé, ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í súfèé tílẹ̀ bá ti ṣú. Ejò á wọlé." Bàbá á kó ètè wọn jọ, wọ́n á rò ó díẹ̀. "Bí ejò bá gbọ́ Yorùbá débi pé ó dáhùn," ni wọ́n á wí, "ẹ ṣílẹ̀kùn fún un, mo ní ìbéèrè láti bi í."

Mò ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ èyí, omi sì wà lójú mi. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí èèyàn sọ méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí lára mi nìyẹn.

Bàbá fẹ́ràn ìjà, ìjà ohùn nìkan ni. Orin kan wà tí ìjọ wa ń kọ, tó ń sọ nípa ọkọ̀ ìgbàlà. Òyìnbó ló ṣe ohùn orin náà. Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti wálẹ̀ ni orin ti gòkè, ọkọ̀ wá di ọkọ́. Gbogbo ìjọ á máa fi tọkàntọkàn kọ ọ́ pé àwọn fẹ́ wọ ọkọ́ ìgbàlà, Bàbá á pa ẹnu dé, wọ́n á máa wo àjà. Katikíìsì pè wọ́n lẹ́yìn ìsìn.

"Tíṣà, ẹ kì í bá wa kọrin mọ́. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan, alàgbà. Ẹ ṣáà bá mi là á yé mi: ṣé a fẹ́ lọ sinmi lọ́run ni, àbí a fẹ́ lọ roko?"

Katikíìsì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí àga akọrin. Wọ́n ní ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni, ṣé Ọlọ́run ń bínú. "Ọlọ́run kò ní bínú," ni Bàbá dáhùn. "Ó kàn máa fún wa ní ọkọ́ tá a bèèrè ni."

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé òṣèlú ló gba Bàbá lọ́wọ́ ìwé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ni ògbufọ̀ káńsù kò yá, tí àwọn àgbà Ìsọlọ̀ sì ní kí Tíṣà wá ràn àwọn lọ́wọ́. Kí ọjọ́ náà tó dé, bí nǹkan ṣe ń lọ níbẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ ìjọba á dìde, á da èdè òyìnbó sílẹ̀ bí òjò, ògbufọ̀ á yíjú sí àwọn àgbà, á ní: "Wọ́n kí yín o." Àwọn àgbà á ní àwọn náà kí i, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ ìwé, ó parí. Bàbá wá túmọ̀ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìbéèrè. Ìpàdé tó máa ń parí kí oòrùn tó mú, wá wọ ọ̀sán pátápátá, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ní òun kò fẹ́ rí ògbufọ̀ yẹn mọ́.

Bàbá ní kò burú, àwọn á wá gẹ́gẹ́ bí kánsẹ́lọ̀. Wọ́n díje, wọ́n sì wọlé. Màmá bi wọ́n pé kí ni tíṣà ń wá nínú òṣèlú. "Iṣẹ́ ẹnu náà ni," ni Bàbá wí. "Mo kàn gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹnu gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn."

Láàrin ìgbà yìí ni ìlú fún wọn ní orúkọ. Bàbá kì í rí ìwé Yorùbá tí kò ní àmì kí wọ́n má fi bírò sí i, ì báà jẹ́ ìkéde lára ògiri, ì báà jẹ́ pátákó afárí. Àwọn èèyàn wá ń pè wọ́n ní Bàbá Alámì. Orúkọ náà dùn mọ́ wọn ju kánsẹ́lọ̀ lọ.

Ó wá kan ohun tó gbé Bàbá dé abẹ́ igi àgbálùmọ̀.

Ìjọba fẹ́ gba oko púpọ̀ láàrin Òṣòdì àti Òkè-Àfà, láti la títì gbòòrò kí wọ́n sì kọ́ ilé iṣẹ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ níbẹ̀ ní láti wá fi orúkọ sílẹ̀ ní káńsù kí gbèdéke tó pé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á gba ilẹ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì ní rí òmíràn gbà dípò. Bàbá ni káńsù ní kí wọ́n kọ ìkéde náà ní Yorùbá. Wọ́n kọ ọ́ pé kí gbogbo onílẹ̀ wá. Wọ́n fi àmì sí i lókè, wọ́n fi sí i nísàlẹ̀.

Onítẹ̀wé kan létí rélùwéè ní Òṣòdì ni yóò tẹ̀ ẹ́. Ó ránṣẹ́ wá pé lẹ́tà alámì kò tó lọ́wọ́ òun, ṣé kí òun tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì? Àsìkò ìpolongo ìbò ni. Bàbá ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú mọ́tò, èrò ìpàdé ń dúró dè wọ́n. Wọ́n ní: "Tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Á yé wọn."

Màmá sọ fún mi pé àwọn kò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu Bàbá rí kó tó dọjọ́ náà.

Ohun tó jáde lára ògiri ni "gbogbo onile". Àwọn tó mọ̀wé kà á sókè fún àwọn tí kò mọ̀wé, onílé ni wọ́n sì kà. Àwọn tó ní ilé ní Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì bá tú jáde, wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà káńsù, onílé alámọ̀, onílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn àgbẹ̀ tó ni ilẹ̀ gan-an wà lóko wọn, wọ́n ń roko.

Bàbá kò mọ̀ títí wọ́n fi dé Òkè-Àfà láti polongo ìbò. Ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sálíù ń ṣa ewé nídìí igi àgbálùmọ̀ wọn.

"Ẹ kú oko o, Màmá. Ṣé ẹ ti lọ fi orúkọ sílẹ̀?"

"Orúkọ kí ni, Tíṣà?"

"Ti ilẹ̀ yín."

"Ẹ yé fi mí ṣẹ̀sín. Onílé ni wọ́n ń pè. Èmi kì í ṣe onílé, ahéré ni mo ní. Ẹ ò rí i bí òjò ṣe ń wọlé kí n tó wọlé ni?" Ìyá Sálíù sì rẹ́rìn-ín.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. "Màmá, onílẹ̀ ni mo kọ."

"Onílé ni wọ́n kà fún wa o."

Bàbá sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé nígbà tí àwọn gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ìyá yẹn, tó gòkè níbi tó ti yẹ kó wálẹ̀, ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn tẹ ẹsẹ̀ sí àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀. Mo mọ bó ṣe rí. Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà, pàápàá nígbà tí mo bá fẹ́ fi ìwé ránṣẹ́ síbì kan.

Kí Bàbá tó délé, alága ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ti jókòó sí pálọ̀. Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá.

"Tíṣà, ẹ fi í sílẹ̀. Ìbò ti dé tán. Bí ẹ bá jáde sọ pé ìkéde yín kò dáa, àwọn ẹgbẹ́ kejì á ní ẹ fẹ́ fi ọgbọ́n gba oko olóko. Àwọn onílé tó ti tò lórí asán ńkọ́? Àwọn ló pọ̀ jù. Ìbò wọn la gbójú lé. Ẹ jẹ́ kí ìbò kọjá ná."

"Gbèdéke á ti pé kí ìbò tó kọjá."

"Ta ló máa mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n yọ àmì?"

"Alága, kí lorúkọ mi ní ìlú yìí?"

Alága dìde. Ó mú fìlà rẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Bàbá wọ oko lọ. Oko jìnnà sí oko, ohùn Bàbá kò sì le. Bí wọ́n bá ké "onílẹ̀" láti òkèèrè, ẹni tó wà lọ́hùn-ún kò ní mọ èwo nínú méjèèjì ni. Wọ́n bá gun orí ebè kan, wọ́n kó ètè jọ, wọ́n súfèé: re mí mí.

"Onílé nìyẹn," ni wọ́n wí fún àwọn tó péjọ. "Kì í ṣe ẹ̀yin." Wọ́n tún súfèé: re mí dò. "Ẹ̀yin nìyí. Onílẹ̀. Ibi tó ti balẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ yín ló kan ilẹ̀."

Ohun tí àwọn ará oko ń gbé kiri nìyẹn. Ẹni tó wà lóko yìí á fi súfèé ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lódìkejì odò, re mí dò, èyí á gbà á, á sọ ọ́ síwájú. Bàbá ní kí Ìyá Sálíù bá àwọn ránṣẹ́ sí oko tó kángun sí tiwọn. Ìyá Sálíù fọwọ́ bo ẹnu. "Èmi? Wọn kì í jẹ́ kí obìnrin súfèé nílé wa, Tíṣà. Sálíù á ṣe é."

Oko kọ̀ọ̀kan ni Bàbá ti ń sọ ọ́: "Àṣìṣe mi ni. Èmi ni mo gbà kí wọ́n yọ àmì." Bàbá àgbẹ̀ kan fi ọkọ́ ti ilẹ̀, wọ́n wo Bàbá.

"Tíṣà náà máa ń ṣì í kọ?"

"Ọ̀rọ̀ kan ni mo ṣì kọ," ni Bàbá dáhùn. "Ilẹ̀ yín ló wà nínú rẹ̀."

Àwọn àgbẹ̀ náà wá. Wọ́n wá pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, gbèdéke kò tíì pé, orúkọ wọn sì wọlé. Ẹni tí ìjọba gba ilẹ̀ rẹ̀ rí òmíràn gbà dípò; títì kò dé ìdí igi àgbálùmọ̀ Ìyá Sálíù. Ìbò dé, Bàbá kò wọlé. Àwọn onílé kò dárí jì wọ́n pé wọ́n jẹ́ kí àwọn tò nínú oòrùn lásán.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, mọ́tò ẹgbẹ́ kejì ń yí Ìsọlọ̀ ká pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Àwọn ọ̀dọ́ inú rẹ̀ ti yí orúkọ Bàbá padà. "Alámí! Alámí!" ni wọ́n ń pariwo níwájú ilé wa, bí ẹni pé amí ni Bàbá, tó ń ta àṣírí ìlú fún ará oko. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ìtìjú mú mi débi pé mo sá sábẹ́ tábìlì. Bàbá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sókè, mọ́tò sì dúró.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ń gbé e sókè jù níparí. Ẹ jẹ́ kó balẹ̀. A-lá-mì. Ó yá."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn pè é bó ṣe yẹ, tí mọ́tò sì lọ. Inú bí Màmá gan-an: àwọn èèyàn ń bú yín, ẹ̀ ń kọ́ wọn níwèé? "Ẹni tó bá máa bú mi," ni Bàbá wí, "kó bú mi lóhùn tó pé." Wọ́n fà mí jáde lábẹ́ tábìlì, wọ́n ní kí n gbọ́ nǹkan kan: alámì àti onílẹ̀, orin kan náà ni. Re mí dò. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, orí oko Òkè-Àfà làwọn ti gbọ́ ọ.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé Bàbá kò pàdánù. Tẹ́lẹ̀, bí Bàbá bá lọ béèrè ọ̀rọ̀ àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Òkè-Àfà láti kọ sílẹ̀, wọ́n á ní àwọn kò mọ ọ̀rọ̀ kankan. Wọ́n rò pé òyìnbó ló rán wọn. Lẹ́yìn ọ̀ràn ilẹ̀ yìí, àwọn fúnra wọn ló ń gbé e wá. Èèyàn á kan ilẹ̀kùn wa ní àárọ̀, á gbé ẹrù kalẹ̀: "Tíṣà, mo rántí ọ̀rọ̀ kan fún yín." Á sọ ohun tí ìyá rẹ̀ àgbà ń pe irú ẹrẹ̀ kan, tàbí irú ẹja kan tó máa ń fara pamọ́ sídìí koríko. Bàbá á pa oúnjẹ tì. Nígbà tí ìbò mìíràn sì yí po, àwọn ará oko yẹn náà ló wá mú wọn jáde nílé. Bàbá padà sí káńsù, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí tí ìjọba fi tú káńsù ká.

Òfin kan ni Bàbá fi síbẹ̀: ìkéde Yorùbá kankan kò gbọdọ̀ jáde àyàfi tí a bá kọ́kọ́ kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé. Akọ̀wé káńsù ráhùn. "Bí kò bá yé e," ni Bàbá wí fún un, "ìwọ ni kò tíì kọ ọ́ tán."

Nígbà tí mo gba oyè mi, tí wọ́n sì fún mi níṣẹ́ tíṣà, mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá. Wọn kì í dìde lórí ibùsùn mọ́. Mo sọ gbogbo ẹ̀rù mi fún wọn: pé mo lè kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan tí kò tọ́, pé mo lè ṣì í kọ sójú pátákó, pé wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ títí ó fi sú èmi alára. Bàbá di ọwọ́ mi mú. "Àbẹ̀kẹ́, má bẹ̀rù àṣìṣe. 'Á yé wọn' ni kí o máa bẹ̀rù."

Bàbá kú ní àárọ̀, nígbà tí Màmá ń po ògì wọn. Nígbà tó máa di ọ̀sán, ẹbí ti kún pálọ̀. Bàbá mi ní kò sí ohun tí a fẹ́ ṣe ju pé ká gbé wọn lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n mọ́. Mo rí i lójú Màmá pé wọ́n ń ronú bí àwọn á ṣe máa dé ibẹ̀ bí àárò bá sọ wọ́n. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo sì bẹ̀rù.

Ìgbà náà ni Ìyá Sálíù wọlé. Wọ́n ti gbó púpọ̀, Sálíù ló dì wọ́n mú.

"Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ gbé Tíṣà lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ni bàbá mi dáhùn, wọ́n dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú. Ilé ni wọ́n ní níbí, wọn kò ní ilẹ̀."

Ìyá Sálíù wò wọ́n. Wọ́n wo gbogbo wa. Wọ́n wá kó ètè wọn jọ, ètè tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní eyín lẹ́yìn mọ́, obìnrin tí wọn kì í jẹ́ kó súfèé nílé wọn, wọ́n sì súfèé láàrin pálọ̀ wa, ohùn mẹ́ta tó tẹ́ẹ́rẹ́: re mí dò.

Bàbá mi gbé orí sókè. "Màmá, ṣé Alámì lẹ̀ ń pè wọ́n ni, àbí onílẹ̀?"

"Délé," ni Ìyá Sálíù wí, "èwo nínú méjèèjì ni wọn kì í ṣe?"